SỌGÚNDOGÓJÌ! Ṣé olè ló tàn wá ni, àbí ọkàn ara wa?

Ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ló mú un wọ̀ ọ́. Owó àjọ obìnrin méjìlá ló kó sí i. Ọkọ rẹ̀ ò tíì mọ̀ títí dòní.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan wọ ọ́fíìsì wa. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ gbé orúkọ òun jáde. A ṣèlérí fún un, a ò sì ní yẹhùn. Aṣọ ló ń tà n'Íbàdàn, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Aláṣọ.

Ó jókòó, ó mu omi, ó wá ní: “Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn, ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bú àwọn tó kówó wa lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí ní ọ̀rọ̀ kan: ta ló gbé owó náà fún wọn? Ṣé wọ́n yọ ìbọn sí mi ni? Èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. Ìdí nìyí tá a fi kọ eléyìí. A ò fẹ́ fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, torí èmi tí mò ń kọ ọ́ náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Ẹ ó gbọ́ tèmi níwájú.

ỌMỌṢẸ́ TÓ RA FÍRÍÌJÌ

Nǹkan bí oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni. Ọmọbìnrin kan tó kọ́ òwò lọ́dọ̀ Ìyá Aláṣọ, tó ti gba òmìnira, tó ti ní ìsọ̀ tirẹ̀, wá kí ọ̀gá rẹ̀.

“Ẹ kú ọjà o, màámi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

“O káre, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara rẹ mà ń dán o.”

“Ẹ bá mi dúpẹ́, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fíríìjì ńlá kan ni. Mi ò jalè, mi ò yáwó. MMM ni.”

Ìyá Aláṣọ ní òun rẹ́rìn-ín ni lọ́jọ́ náà, òun ní kí ọmọ náà máa lọ, kó má fi òwò ṣeré. Àmọ́ nígbà tó délé lálẹ́, oorun ò kun ojú rẹ̀. Fíríìjì tirẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọdún tó ṣáájú, kò rí owó tún un ṣe. “Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ! Èmi tí mo yá a lówó àkọ́kọ́ tó fi ra ọjà! Mo bi ara mi pé kí ni ọmọ yìí mọ̀ tí èmi ò mọ̀?”

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kì í ṣe ebi ló lé obìnrin yìí jáde. Ó ń jẹ, ó ń mu, ọmọ rẹ̀ ń lọ síléèwé. Ohun tó gún un lọ́kàn ni pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti fẹ́ kọjá rẹ̀. Tó bá jẹ́ olówó ńlá kan l'Ékòó ló ra fíríìjì, kò ní dùn ún. Ọmọ tó kọ́ níṣẹ́ ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, òun náà pe ọmọ náà lórí fóònù. Ó ní kó kàn bá òun fi 20,000 náírà “tọ́ ọ wò.” Nígbà tó di ọgbọ̀n ọjọ́, alẹ́ẹ̀tì wọlé: 26,000. Ó ní òun jó níwájú ìsọ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun sì rí òun. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, mẹ́ta nínú wọn ti ní kó mú àwọn náà wọ̀ ọ́. Ó fi 100,000 sí i, 130,000 jáde. Ó ní láti ìgbà náà lọ, òun ò bèèrè nǹkan kan mọ́.

Obìnrin méjìlá ló ń dá àjọ lọ́wọ́ rẹ̀, 30,000 náírà lóṣooṣù. 360,000 ni ẹni tó bá kan á kó. Ẹni tó yẹ kó kó ti oṣù kọkànlá ní òun ò tíì fẹ́ ẹ, kí Ìyá bá òun fi pamọ́ di ọ̀sẹ̀ ọdún Kérésì. Ìyá Aláṣọ wo owó náà títí. Ó ní: “Mo sọ fún ara mi pé owó tó kàn jókòó síbẹ̀, kí ló dé tí kò ní bímọ kí olówó tó wá gbà á?” Ó fi 240,000 tirẹ̀ kún un. Gbogbo ẹ̀ di 600,000. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù kejìlá ọdún 2016, ọ̀rọ̀ já lórí fóònù gbogbo ènìyàn: MMM ti ti ilẹ̀kùn. Oṣù kan gbáko, kò sẹ́ni tó máa rí kọ́bọ̀ gbà. Kérésì ku ọjọ́ méjìlá.

KÍ NI MMM YÌÍ GAN-AN?

Ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Sergei Mavrodi ló ni ín. Ó ti ṣe irú ẹ̀ nílùú wọn lọ́hùn-ún rí, èyí sì fọ́ lọ́dún 1994, ó sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹdun arinlẹ̀. Wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún un lọ́dún 2007. Nígbà tó jáde, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó gbé e kiri ayé, ó sì wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015. Ìlérí rẹ̀ ni pé 100 náírà tó o bá fi sílẹ̀ á di 130 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.

Kò sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde. Kò sí oko, kò sí ọjà. Owó ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń san fún ẹni tó wà níwájú. Ó ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1920, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Ponzi ṣe é nílùú Boston l'Amẹ́ríkà, ó ní òun á san 50 lé lórí 100 láàárín ọjọ́ 45. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti mú un. Látara orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń pè é ní Ponzi. Àwa ní tiwa ti ní orúkọ fún un tipẹ́: sọgúndogójì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà bí ọlọ́jà. Tó o bá fi 100,000 náírà sí ibi tó ń san 30 lórí 100 lóṣooṣù, tó ò sì yọ ọ́, nígbà tó bá fi máa pé ọdún kan, ó ti lé ní mílíọ̀nù 2.3. Ọdún méjì, ó ti lé ní mílíọ̀nù 54. Ọdún mẹ́ta, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan. Látinú 100,000 o! Òwò wo láyé yìí ló ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá? Ṣé aṣọ ni, àbí epo? Dangote gan-an ì bá ti ti iléeṣẹ́ rẹ̀ pa, kó wá fowó síbẹ̀.

Ilẹ̀kùn náà tún ṣí díẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2017, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò rí nǹkan gbà. Àjọ NDIC, tó ń dáàbò bo owó wa ní báńkì, sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ènìyàn ló pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà. Mavrodi fúnra rẹ̀ kú sí Moscow ní oṣù kẹta ọdún 2018. Owó ò jí pẹ̀lú ẹ̀.

Kẹ́ ẹ sì má sọ pé wọn ò kìlọ̀. Báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, CBN, kìlọ̀. SEC, àjọ tó ń mójú tó òwò ìdókòwò, náà kìlọ̀ kó tó fọ́. Ìyá Aláṣọ ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò. “Mo gbọ́ ọ kẹ̀. Mo ní ìjọba ò fẹ́ kí mẹ̀kúnnù ríṣe ni. Ẹni tí alẹ́ẹ̀tì ti wọlé fún lẹ́ẹ̀mejì, rédíò wo ló fẹ́ gbọ́?”

KÌ Í ṢE Ọ̀RỌ̀ ÌWÉ

Àwọn kan á ní àwọn tí ò kàwé ló ń kó sírú ẹ̀. Irọ́ ni! Àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, àwọn tó kàwé jáde ní yunifásítì kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Ọkùnrin kan wà n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Isaac Newton lorúkọ ẹ̀. Òun ló ṣírò bí òṣùpá ṣe ń yípo. Bóyá la tíì rí ẹni tó mọ ìṣirò jù ú lọ láyé ìgbà tirẹ̀. Lọ́dún 1720, wọ́n ń ta ṣíà iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní South Sea ní Lọ́ńdọ̀nù. Newton rà, ó gòkè, ó tà, ó jèrè. Ó yẹ kó lọ sùn. Àmọ́ ṣíà náà ń gòkè sí i lẹ́yìn tó tà á, àwọn tó mọ̀ ń dolówó lójú rẹ̀. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó padà wọlé, ó tún rà á lówó gọbọi. Ọdún yẹn náà ló já wálẹ̀. Owó ńlá ló bá a lọ.

Ẹni tó lè ṣírò òṣùpá ò lè ṣírò ọkàn ara rẹ̀ nígbà tó rí èrè lọ́wọ́ ẹlòmíì. Kí wá ni tiwa?

ÈMI NÁÀ RÈÉ

Mo ṣèlérí pé ẹ ó gbọ́ tèmi. Tèmi kì í ṣe sọgúndogójì. Ṣíà ni, èyí tó bófin mu, tí ìjọba fọwọ́ sí.

Ẹ rántí pé ní oṣù keje ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà pàṣẹ pé gbogbo báńkì gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 25 náírà lápò kí ọdún 2005 tó parí. Bílíọ̀nù 2 ló wà tẹ́lẹ̀. Báńkì 89 di 25. Láti rówó náà, àwọn báńkì jáde wá tàṣíà fáráyé. Ọjà ṣíà bá gbiná. Ó gòkè lọ́dún 2006, ó gòkè lọ́dún 2007. Kò sí ibi tí wọn ò ti ń sọ ọ́. Nísọ̀ agẹrun, ṣíà. Níbi ìkómọ, ṣíà. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà fún mi ní orúkọ báńkì mẹ́ta lẹ́nu, ó sì mọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú tì mí. Èmi akọ̀wé, n kò ní ẹyọ kan!

Oṣù kejì ọdún 2008 ni mo ra ẹgbàárùn-ún ṣíà báńkì kan tí n kò ní dárúkọ, 20 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. 200,000 náírà. N kò ka ìwé kankan nípa báńkì náà. N kò bèèrè iye tó jẹ, n kò bèèrè iye tó jèrè. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé gbogbo ènìyàn ń rà á.

Ní oṣù kẹta ọdún náà gan-an, ọjà gun orí òkè. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bó ṣe ń lọ lé ní 66,000. Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ní ìparí ọdún 2009, ó ti di nǹkan bí 20,800. Ohun tó jẹ́ 100 náírà ti di nǹkan bí 31. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, tó gba ipò lọ́wọ́ Soludo, lé ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé àwọn báńkì kan ń yá ènìyàn lówó pé kí wọ́n fi ra ṣíà, tí ṣíà sì já, tí gbèsè dúró.

Kí lèmi wá ṣe? Nígbà tó di 14 náírà, mo ní “yóò gòkè.” Nígbà tó di 9, mo ní “mi ò lè ta á ní àdánù.” Nígbà tó di 4, mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ báńkì náà mọ́, tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀ lórí rédíò, mo máa ń pa rédíò. Nígbà tó wá di 1 náírà 50 kọ́bọ̀, tí ẹ̀rù ti bo gbogbo ìlú, mo sáré lọ tà á. 15,000 náírà ni mo kó bọ̀ nínú 200,000. Ìyàwó mi bi mí, mo ní ó dín díẹ̀ ni.

TÒMÁTÌ KÌ Í DÚRÓ

Ẹ̀yin ìyá alátà, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i. Tí apẹ̀rẹ̀ tòmátì yín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí ọjà fẹ́ tú, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ ó já iye ẹ̀ wálẹ̀. Ẹ ó tà á ní gbàǹjo kó tó jẹrà pátápátá. Ẹ ò ní máa wò ó pé “iye tí mo rà á nìyí, mi ò lè dín in.” Ẹ mọ̀ pé iye tẹ́ ẹ rà á ti lọ, iye tó lè pa báyìí lọ̀rọ̀ wà.

Ṣùgbọ́n ṣíà àti owó tá a fi ṣòwò lọ́nà jíjìn kì í rùn bíi tòmátì. Kò sẹ́ni tó ń rí i pé ó ti ń rà. Nítorí náà là á fi máa ń jókòó tì í. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Daniel Kahneman àti Amos Tversky, kọ ọ́ jáde lọ́dún 1979 pé àdánù máa ń dun ọmọ ènìyàn ju bí èrè iye kan náà ṣe ń dùn mọ́ ọn lọ. Iṣẹ́ wọn lẹ́yìn náà fi hàn pé ó tó nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ẹni tó rí 10,000 he máa yọ̀. Ẹni tí 10,000 bọ́ lápò ẹ̀ ò ní sùn. Torí pé à ń sá fún ìrora yẹn, a ò ní fẹ́ gbà pé owó ti lọ. À á máa ta èyí tó ń jèrè, à á máa fọwọ́ ra èyí tó ń kú lórí.

Ẹ̀rù náà wá lọ́jọ́ tirẹ̀. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sá, àwa náà á sá, àní ká tiẹ̀ di ohun tó dára mú. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà wa kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó di ṣíà iléeṣẹ́ tó dúró dáadáa mú láti 2009 ti rí i kó gòkè padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé náírà ọdún 2024 kì í ṣe náírà ọdún 2008 mọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lọ́jà. Báńkì tèmi ní tirẹ̀ ò sí láyé mọ́. Mo tà á nígbà tí ẹ̀rù bà mí, mo rà á nígbà tí ojú tì mí. N kò fi làákàyè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

OKÙN TÓ SO ÀJỌ NÁÀ LÓ SO WÁ MỌ́ OLÈ

Ìbéèrè kan ló kù. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n, àna, bọ̀dá ìjọ, ará àsáláátù ló máa ń mú wa wọ̀ ọ́? Kí ló dé tí kì í ṣe àjèjì?

Ẹ wo àjọ. Àjọ ò ní ìwé àdéhùn, kò ní lọ́yà, kò ní kọ́ọ̀tù. Síbẹ̀ owó ń pé. Kí ló ń mú un pé? Ojú ni. Ìtìjú ni. Ẹni tó bá kó àjọ sá lọ, ibo ló fẹ́ gbé e gbà? A mọ ilé bàbá ẹ̀, a jọ ń ra ata níbì kan náà. Ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ni ìní wa, àwọn bàbá ńlá wa ló fi sílẹ̀ fún wa, òun ló gbé ọ̀pọ̀ ìyá lọ́jà dé ibi tí wọ́n dé.

Ohun tí àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ nìyẹn. Wọn ò wá bá yín fúnra wọn. Wọ́n ń san owó fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán pé kó mú yín wá, ẹni náà ò sì mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́ olè. MMM tiẹ̀ ń ní kí ẹni tó bá ti gbowó kọ lẹ́tà ayọ̀, kó jẹ́rìí fáráyé pé òun ti rí tòun gbà. Irọ́ kọ́ lẹ́tà náà, owó ẹ̀ wọlé lóòótọ́. Ẹ ò rí i pé ó jinlẹ̀: olóòótọ́ ènìyàn ló ń fi ẹnu òtítọ́ polówó irọ́.

Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ fi í sọ́kàn. Nínú àjọ, ẹ mọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Nínú sọgúndogójì, ẹni tó mú yín wá nìkan lẹ mọ̀. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ sì má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, n'Íbàdàn tiwa níbí, àwọn ènìyàn ya wọ ọ́fíìsì CBEX ní Òkè-Àdó, wọ́n kó àga, wọ́n kó tábìlì. Ìlérí tiwọn ju ti MMM lọ: owó á di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣírò: 100,000 tó ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, ọdún kan péré, ó ti lé ní mílíọ̀nù 409. SEC ní àwọn ò forúkọ wọn sílẹ̀. Ìgbà tó wá fọ́, wọ́n tún ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó ẹ̀ kọ́kọ́ san 100 tàbí 200 dọ́là. Ẹ gbọ́ o, àwọn kan tún san án! Ìrora àdánù yẹn náà ni. Ẹni tí owó ẹ̀ wà nínú kànga, tí wọ́n bá ní kó ju owó mìíràn sí i kí ti àkọ́kọ́ lè léfòó, á jù ú.

KÍ LA MÁA ṢE?

A ò ní kẹ́ ẹ má dókòwò. Owó tó bá kàn wà nínú kóló, ọjà tó ń wọ́n sí i ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ní òfin tá a fi de ara wa kí ọkàn tó gbóná, torí tó bá ti gbóná, kò gbọ́ràn mọ́.

Àkọ́kọ́, ẹ bèèrè pé: níbo ni èrè yìí ti ń wá? Tí ẹni tó mú un wá ò bá lè sọ ọ́ kó yé yín bó ṣe máa ń yé yín lórí aṣọ tàbí iṣu, ẹ dìde níbẹ̀.

Èkejì, ẹ sun ọ̀rọ̀ náà fún alẹ́ mẹ́ta. Ohun rere tó bá jẹ́ tiyín ò ní lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń pariwo pé “ó fẹ́ tán, ó fẹ́ tì” ń lé yín kẹ́ ẹ má ronú ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ bi SEC bóyá wọ́n mọ ilé òwò náà. Òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2025 ti mẹ́nu ba sọgúndogójì ní tààràtà. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá àti owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 20 náírà wà nínú ẹ̀ fún ẹni tó bá dá a sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi owó ọjà, owó ilé, owó iléèwé tàbí owó àjọ ṣe é láéláé. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi pamọ́, ẹ gbé e lọ sí báńkì tí NDIC ń dáàbò bò. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, tí báńkì ńlá bá fọ́, wọ́n á san tó mílíọ̀nù 5 náírà fún olówó kan. Ti báńkì kékeré àdúgbò jẹ́ mílíọ̀nù 2. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìwé ẹ̀ pé, tẹ́ ẹ mọ akápò ẹ̀, tó ń ka ìṣirò fún yín lọ́dọọdún, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kẹ́ ẹ tó wọ ọ̀kankan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: “Tó bá já dé ibi báyìí, mo ń jáde.” Ẹ kọ ọ́ nígbà tí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, ẹ sọ ọ́ síta fún ẹni tí kò ní jèrè kankan níbẹ̀. Èyí ló ṣe pàtàkì jù, Ìyá Aláṣọ náà ló sì kọ́ mi.

BÓ ṢE PARÍ

Ọdún Kérésì 2016 náà dé. Ìyá Aláṣọ ta yẹtí wúrà rẹ̀ méjèèjì, ó yá èyí tó kù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì gbé 360,000 náírà fún olówó àjọ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Oṣù mẹ́rìnlá ló fi san gbèsè náà. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé yẹtí náà sọnù. Ó ní irọ́ yẹn ló ṣì ń dun òun ju owó lọ.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ò yọjú fún ọdún méjì. Tirẹ̀ náà ti bá a lọ, ta fíríìjì náà sì ni ó ta. Lọ́jọ́ tó wá, ó kúnlẹ̀ nísọ̀, kò lè sọ̀rọ̀.

“Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi,” ni Ìyá Aláṣọ wí. “Ìwọ lo fi ọ̀nà hàn mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn ín.”

Ẹ ò tíì gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan gbé ọ̀rọ̀ CBEX wá, ó fi owó tó ti wọlé hàn án lórí fóònù. Ìyá Aláṣọ ní òun rò pé ẹni tí ejò ti bù jẹ rí á sá tó bá rí ekòló. “Irọ́ ni! Ọkàn mi tún fò. Mo ti ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́.”

Kí ló dá a dúró? Láti ọdún 2017 ló ti bá àwọn obìnrin àjọ rẹ̀ ṣàdéhùn pé owó tó bá ti kọjá 50,000 náírà, kò sí ẹni tó máa fi sí òwò tuntun láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dìde sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó bá dìde. Ó ní, “Ilé òwò kan wà tó ń sọ owó di méjì lóṣù kan…” Kò tíì parí ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rín pa òun fúnra rẹ̀. Ó jókòó.

“Nígbà tó wà nínú ọkàn mi, ó dà bí ọgbọ́n,” ló wí fún wa. “Ìgbà tí etí mi gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni mo tó mọ ohun tó jẹ́.”

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin ìyá lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí? Ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é, kí ló sì fà á padà? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà wa. A ò ní tú yín láṣìírí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.